Ẹ Má Fo Ọdún Márùn-ún Ẹgbẹ́ Fleetwood Mac

Ẹni tó bá jókòó láàárín àwọn olólùfẹ́ ẹgbẹ́ olórin rọ́ọ̀kì tí wọ́n ń pè ní Fleetwood Mac kò ní pẹ́ gbọ́ ìbéèrè kan: Mac ti ta ni tìrẹ? Bó bá ní ti Peter Green ni tòun, wọ́n ti mọ ibi tó fì sí: London, ìparí àwọn ọdún 1960, orin búlúùsì, gìtá tí kò sọ̀rọ̀ púpọ̀ àmọ́ tó ń dunni wọra. Bó bá ní ti Stevie Nicks àti Lindsey Buckingham ni, wọ́n mọ òun náà: California, àwo Rumours, àwọn olólùfẹ́ tó kọ ara wọn sílẹ̀ tí wọ́n ń fi orin bú ara wọn. Àwọn díẹ̀ kan wà tí wọ́n máa ń dárúkọ Bob Welch, ṣùgbọ́n ohùn wẹ́lẹ́ ni wọ́n fi ń dá a.

Bí wọ́n ṣe pín ìtàn ẹgbẹ́ náà nìyẹn. Sáà Green bẹ̀rẹ̀ ní 1967, ó parí ní 1970. Sáà Buckingham àti Nicks bẹ̀rẹ̀ ní 1975. Ohun tó wà láàárín wá di àlàfo, ibi tí èèyàn ń fò kọjá kó lè tètè dé ibi tó dùn. Àwo orin mẹ́fà odindi ló wà nínú àlàfo náà. Ohun tí àpilẹ̀kọ yìí ń sọ ni pé ìpín yẹn kò bá ohun tó wà lórí téèpù mu. Ẹni tó ń wo àwòrán ara èèpo àwo ló lè pín in bẹ́ẹ̀. Ẹni tó ń fetí gbọ́ orin kò rí ibi tí yóò fa ìlà sí. Ju gbogbo rẹ̀ lọ, láàárín 1970 sí 1974 tí wọ́n ń fò yẹn ni ẹgbẹ́ náà ti kọ́ iṣẹ́ tó fi ṣe Rumours.

Orúkọ gan-an ti ń dá kún ìdàrúdàpọ̀ náà. Àwo méjì ni ẹgbẹ́ yìí ṣe tí àkọlé rẹ̀ jẹ́ Fleetwood Mac, ọ̀kan ní 1968, ìkejì ní 1975. Kí àwọn olólùfẹ́ má baà ṣi ara wọn gbọ́, wọ́n sọ ti àkọ́kọ́ di ti Peter Green, wọ́n sì ń pe ìkejì ní àwo funfun nítorí àwọ̀ èèpo rẹ̀. Àwo méjì náà ló wà tí wọ́n pè ní Greatest Hits. Èyí tí CBS gbé jáde ní 1971 kún fún orin ìgbà Green. Èyí tí Warner gbé jáde ní 1988 bẹ̀rẹ̀ láti 1975. Kò sí orin kan ṣoṣo tó wà nínú àwọn méjèèjì, kò sì sí orin kan láti inú àwo mẹ́fà ti àárín nínú èyíkéyìí nínú wọn, bó tilẹ̀ jẹ́ pé Reprise, ọmọ ilé Warner, ló gbé àwọn àwo náà jáde. Lóòótọ́, orin tó tà lọ́jà ni wọ́n máa ń kó sínú irú àwo bẹ́ẹ̀, àwọn ọdún àárín kò sì ní irú orin bẹ́ẹ̀. Ọ̀pọ̀ èèyàn sì rèé, ẹnu ọ̀nà tí wọ́n gbà wọlé sọ́dọ̀ ẹgbẹ́ yìí ni ọ̀kan nínú àwo méjì náà. Ẹni tó bá gba ibẹ̀ wọlé yóò gbà pé ẹgbẹ́ náà sùn fún ọdún márùn-ún.

Ká bẹ̀rẹ̀ láti ọ̀dọ̀ Green fúnra rẹ̀, nítorí orúkọ rẹ̀ ni àwọn tó ń sọ pé ẹgbẹ́ náà kú ní 1970 fi ń búra. Nígbà tó fi ẹgbẹ́ John Mayall sílẹ̀ ní 1967 tó fẹ́ dá ti ara rẹ̀ sílẹ̀, òkìkí rẹ̀ nídìí gìtá ti tó kó fi orúkọ ara rẹ̀ pe ẹgbẹ́ náà. Kò ṣe bẹ́ẹ̀. Ó mú orúkọ Mick Fleetwood tó ń lùlù, ó so ó mọ́ ti John McVie tó ń ta bàsì, ó ní Fleetwood Mac ni wọn yóò máa jẹ́. McVie kò tíì gbà láti wá nígbà yẹn rárá. Ọ̀dọ̀ Mayall ló ṣì wà. Oṣù Kẹjọ ọdún náà ni wọ́n ṣeré àkọ́kọ́ ní Windsor láìsí i, ọ̀sẹ̀ díẹ̀ lẹ́yìn náà ló tó dara pọ̀ mọ́ wọn. Láti ìgbà náà wá, kò sí àwo kan tí ẹgbẹ́ yìí ṣe ní sítúdíò tí ìlù Fleetwood àti bàsì McVie kò sí nínú rẹ̀. Ẹni tó dá ẹgbẹ́ sílẹ̀ fi orúkọ onílù àti olùta bàsì pè é. Àwọn ọmọlẹ́yìn rẹ̀ wá ń fi ẹni tó ń kọrin níwájú wọn ọjọ́ orí rẹ̀.

Kò sí ẹni tó ní etí tí yóò bu ẹnu àtẹ́ lu ohun tí Green ṣe. Albatross, orin tí kò ní ọ̀rọ̀ kankan nínú, ló gbé wọn dé ipò kìíní ní Britain ní ìbẹ̀rẹ̀ 1969. Black Magic Woman tí ọ̀pọ̀ èèyàn rò pé ti Santana ni, Green ló kọ ọ́, 1968 ni ẹgbẹ́ rẹ̀ ti kọ́kọ́ gbé e jáde. Lóṣù Kìíní 1969 náà ni wọ́n wọ sítúdíò Chess ní Chicago, àwọn ọmọ Gẹ̀ẹ́sì tí irùngbọ̀n wọn ṣẹ̀ṣẹ̀ ń hù, wọ́n sì bá àwọn olórin búlúùsì ibẹ̀ bíi Willie Dixon, Otis Spann àti Buddy Guy gba orin sílẹ̀. Àwo Then Play On tó jáde ní 1969 ni òkè tí wọ́n gùn dé nígbà yẹn, ó sì tọ́ sí gbogbo ìyìn tí wọ́n ń fún un.

Ṣùgbọ́n ẹ fetí sí bí wọ́n ṣe to àwọn àwo àkọ́kọ́ yẹn. Olúkúlùkù ló ń mú tirẹ̀ wá. Jeremy Spencer, onígìtá kejì, yóò kọ orin tó tẹ̀lé ìlànà Elmore James, olórin búlúùsì Amẹ́ríkà, Green yóò kọ búlúùsì tirẹ̀, àwọn yòókù yóò sì dúró sẹ́yìn ẹni tí ó kàn. Nígbà tó di Then Play On, Spencer fẹ́rẹ̀ẹ́ má sí nínú rẹ̀ rárá. Danny Kirwan, ọmọ ọdún 18 tó wọ ẹgbẹ́ ní 1968, ló gba ipò orin tó yẹ kí Spencer mú wá. Orin wọn dùn, ṣùgbọ́n àwọn tó ń kọ ọ́ kò tíì mọ bí olórin mẹ́ta tí ọ̀nà wọn yàtọ̀ síra ṣe lè di ohùn kan nínú àwo kan. Iṣẹ́ tó kù nìyẹn nígbà tí Green jáde lóṣù Karùn-ún 1970.

Àwọn tó kù kó lọ sí ìgbèríko Hampshire pẹ̀lú ìyàwó àti ọmọ, wọ́n ń gbé ilé kan náà tí wọ́n ń pè ní Kiln House, orúkọ ilé náà ni wọ́n sì fi pe àwo tó jáde níbẹ̀rẹ̀ ìgbà ìwọ́wé ọdún yẹn. Christine, ìyàwó McVie, ló ya àwòrán ara èèpo rẹ̀. Ó tún kọrin nínú rẹ̀, ó tẹ píánò, síbẹ̀ wọn kò kọ orúkọ rẹ̀ sára àwọn ọmọ ẹgbẹ́. Kì í ṣe ìgbà àkọ́kọ́ nìyẹn: Mr. Wonderful ti 1968 tí wọ́n ka sí àwo Green pátápátá, òun ló tẹ píánò inú rẹ̀, nígbà tí orúkọ rẹ̀ ṣì jẹ́ Christine Perfect. Ẹni tó bá fẹ́ fa ìlà láàárín sáà kan sí ìkejì, ibo ni yóò gbé obìnrin yìí sí?

Ní oṣù Kejì 1971, Spencer jáde ní òtẹ́ẹ̀lì tí wọ́n wọ̀ sí ní Los Angeles, kò padà. Ẹ̀yìn ọjọ́ díẹ̀ ni wọ́n rí i láàárín àwọn ẹlẹ́sìn kan tí wọ́n ń pè ní Children of God, ó sì ní òun kò ṣe orin mọ́. Green ló wá bá wọn parí ìrìn-àjò eré tí wọ́n wà lórí rẹ̀ nígbà náà. Lẹ́yìn èyí ni wọ́n gba Bob Welch, ọmọ Amẹ́ríkà àkọ́kọ́ tó wọ ẹgbẹ́ náà.

Ibí ni ó yẹ kí èèyàn fara balẹ̀. Àwo Future Games jáde ní 1971, Bare Trees tẹ̀lé e ní 1972. Nínú Bare Trees, Kirwan mú orin márùn-ún wá, Welch mú méjì, Christine mú méjì. Ẹni mẹ́ta, ọ̀nà mẹ́ta: Kirwan ń ṣọ̀fọ̀, Welch ń rọ́ àlá, Christine ń sọ̀rọ̀ ìfẹ́ lọ́nà tó rọrùn tí kò sì gọ̀. Ṣùgbọ́n kò sí ẹni tó gbọ́ àwo náà láti òkè délẹ̀ tí yóò sọ pé àwo mẹ́ta ni wọ́n lẹ̀ pọ̀. Ìlù kan náà ló gbé gbogbo wọn, bàsì kan náà ló ń rìn nísàlẹ̀ wọn, ẹni tó lé orin níbí ló ń gbè lọ́hùn-ún. Wọ́n tilẹ̀ jẹ́ kí ìyá àgbà kan tó ń gbé nítòsí wọn ka ewì tirẹ̀ sí ìparí àwo náà, ohun tí ẹgbẹ́ tó gbójú lé owó nìkan kò jẹ́ dán wò. Fọ́tò igi tí ewé ti rẹ̀ lára èèpo àwo, McVie tó ń ta bàsì ló yà á.

Ẹ wá ṣí Rumours ti 1977 wò. Orin 11 ló wà nínú rẹ̀. Christine ló ni mẹ́rin, Buckingham ló ni mẹ́ta, Nicks ló ni mẹ́ta, gbogbo wọn ló pín ọ̀kan tó kù. Ẹni mẹ́ta, ọ̀nà mẹ́ta, ìlù kan, bàsì kan. Àpẹẹrẹ tí wọ́n ń tẹ̀ lé nìyẹn láti 1971, àwọn mẹ́ta nínú àwọn márùn-ún ló sì ti ń ṣe é bọ̀ láti Hampshire. Àwọn tó ń sọ pé olólùfẹ́ California méjì ló dé tí wọ́n sọ òkú ẹgbẹ́ di alààyè kò ka iye orin tó wà lára àwo tí wọ́n fẹ́ràn jù. Ẹni tí orin rẹ̀ pọ̀ jù nínú Rumours, Mr. Wonderful ló ti bẹ̀rẹ̀.

Àwọn olólùfẹ́ kan yóò ní orin díẹ̀ ló dára nínú àwọn àwo àárín, wọn kò parọ́. Penguin ti 1973 kò dúró dáadáa. Wọ́n ti lé Kirwan kúrò lóṣù Kẹjọ 1972 nítorí ìbínú àti ọtí, wọ́n gba Dave Walker láti máa kọrin níwájú àti Bob Weston láti máa ta gìtá, Walker kò sì bá wọn mu rárá. Ẹni tó fẹ́ mọ bí ìgbéyàwó tí kò wọ̀ ṣe ń dún lórí téèpù, kó gbọ́ orin méjì tí Walker lé nínú àwo yẹn. Síbẹ̀ nínú Penguin kan náà ni orin Welch kan wà, Night Watch, tí Peter Green ta gìtá sí, tí wọn kò kọ orúkọ rẹ̀ sí i. Ọdún mẹ́ta lẹ́yìn tí sáà rẹ̀ parí, ó wà nínú sítúdíò pẹ̀lú wọn.

Bí wọ́n ṣe gba àwo náà sílẹ̀ tún yẹ ní gbígbọ́. Wọ́n ti ra ilé ńlá kan ní Hampshire, Benifold lorúkọ rẹ̀. Nígbà tó tó àkókò láti ṣe Penguin àti Mystery to Me, tí méjèèjì jáde ní 1973, wọn kò lọ sí London. Ọkọ̀ ńlá tí ẹgbẹ́ Rolling Stones kó ẹ̀rọ ìgbohùnsílẹ̀ sí ni wọ́n háyà, wọ́n gbé e wá sẹ́nu ọ̀nà ilé, wọ́n na wáyà wọlé, wọ́n sì ń ṣiṣẹ́ níbi tí wọ́n ti ń sùn tí wọ́n ti ń jẹun. Nínú Mystery to Me ni Hypnotized wà, orin Welch tí ìlù Fleetwood inú rẹ̀ kì í pariwo, tí kì í sì í dúró. Lójú òǹkọ̀wé yìí, ẹni tó bá gbọ́ ìlù yẹn tán tó wá fi Dreams inú Rumours lé e yóò ṣòro fún un láti sọ pé ẹgbẹ́ méjì ló ń gbọ́. Ẹ dán an wò kẹ́ ẹ tó jiyàn.

Wàhálà wọn nígbà yẹn kò kéré. Weston ń fẹ́ ìyàwó Fleetwood ní bòókẹ́lẹ́, àṣírí tú lórí ìrìn-àjò ní Amẹ́ríkà, wọ́n lé e, wọ́n sì fagi lé ìrìn-àjò náà. Máníjà wọn, Clifford Davis, ní òun ló ni orúkọ ẹgbẹ́. Ní 1974 ó kó àwọn mìíràn jọ, ó sì rán wọn lọ ṣeré ní Amẹ́ríkà lórúkọ Fleetwood Mac. Ọ̀rọ̀ di ti ilé ẹjọ́. Welch ló ta kú pé kí wọ́n kó kúrò ní Gẹ̀ẹ́sì, kí wọ́n lọ máa gbé ní Los Angeles, nítòsí ilé-iṣẹ́ àwo wọn. Wọ́n kó lọ. Wọ́n ṣe Heroes Are Hard to Find níbẹ̀ ní 1974, àwo náà dé ipò 34 lórí àtẹ orin Amẹ́ríkà, ipò tí àwo wọn kankan kò tíì dé rí níbẹ̀ títí di ìgbà náà. Àwọn tí wọ́n ní ẹgbẹ́ náà ń kú lọ ní àwọn ọdún yẹn, kí wọ́n wo àtẹ.

Nítorí pé wọ́n wà ní Los Angeles ni Fleetwood fi lè rìn dé Sound City ní Van Nuys lápá ìparí 1974, tó ń wá sítúdíò tí wọn yóò lò fún àwo tó kàn. Keith Olsen tó ń ṣiṣẹ́ níbẹ̀ fẹ́ fi bí ilé náà ṣe ń dún hàn án, ó fi Frozen Love sí i, orin kan láti inú àwo tí Buckingham àti Nicks ṣe ní 1973 tí kò tà. Welch fi ẹgbẹ́ sílẹ̀ lóṣù Kejìlá. Fleetwood rántí ẹni tó ta gìtá náà. Buckingham ní òun kò ní wá láìsí ọ̀rẹ́bìnrin òun. Bí wọ́n ṣe wọlé nìyẹn. Ká ní Welch kò mú wọn wá sí ìlú yẹn, kò sí ẹni tí yóò mọ orúkọ Stevie Nicks nínú ẹgbẹ́ yìí.

Àwo funfun jáde ní 1975. Orin àkọ́kọ́ tó gbé wọn wọ inú 20 àkọ́kọ́ lórí àtẹ Amẹ́ríkà ni Over My Head, Christine ló kọ ọ́, òun ló sì lé e. World Turning tó wà nínú àwo náà, tí Buckingham àti Christine jọ kọ, ara orin Green kan nínú àwo 1968 ni wọ́n ti fà á yọ. Orí ìtàgé ẹ̀wẹ̀, Buckingham ń kọ Oh Well ti Green. Ó wà nínú àwo eré ojú agbo tí wọ́n gbé jáde ní 1980. Christine sì ń kọ Spare Me a Little of Your Love láti inú Bare Trees fún àwọn tó wá wo Nicks. Àwọn olórin náà fúnra wọn kò fa ìlà kankan. Ó lé lọ́dún kan kí àwo náà tó dé ipò kìíní, lóṣù Kẹsàn-án 1976, nígbà tí wọ́n ti wà nínú sítúdíò tí wọ́n ń ṣe èyí tó tẹ̀lé e.

Ìtàn bí wọ́n ṣe ṣe Rumours ni àwọn olólùfẹ́ mọ̀ jù: sítúdíò Record Plant ní Sausalito, John àti Christine tí kò bá ara wọn sọ̀rọ̀ bí kò ṣe ti orin, Buckingham àti Nicks tó ti kọ ara wọn, Fleetwood tí ilé tirẹ̀ náà ń dà rú. Ìròyìn ilé onílé yìí dùn ún sọ, ṣùgbọ́n ó ti bo iṣẹ́ ọwọ́ wọn mọ́lẹ̀. Wọ́n lo téèpù náà títí tí erùpẹ̀ ara rẹ̀ fi bẹ̀rẹ̀ sí í gbọ̀n dànù, tí ìró ìlù kò já gaara mọ́. Ohun tó gbà wọ́n ni pé téèpù kejì wà tí wọ́n ti jọ gba ìpìlẹ̀ orin náà sí, wọ́n sì wá ẹni tó fi etí lásán mú téèpù méjèèjì bára rìn. Fún Second Hand News, ara ìjókòó àga ni Buckingham ń gbá láti fi ṣe ìlù. Fún Songbird, wọ́n fi sítúdíò sílẹ̀ pátápátá, wọ́n lọ gba Christine àti píánò rẹ̀ sílẹ̀ nínú gbọ̀ngàn ńlá kan ní Berkeley, kí òfìfo gbọ̀ngàn náà lè wọ inú orin.

Nípa The Chain, orin tí gbogbo wọn jọ ni, ibẹ̀ gan-an ni ọ̀rọ̀ pin sí. Christine ti mú orin kan wá tí kò yọrí sí rere. Wọ́n gbá apá tó pọ̀ nínú rẹ̀ dànù, wọ́n pa ìparí rẹ̀ mọ́, níbi tí bàsì McVie ti dá wọlé kí ìlù àti gìtá tó ya lé e lórí. Nicks mú ọ̀rọ̀ orin wá láti ibòmíràn, Buckingham fi gìtá bẹ̀rẹ̀ rẹ̀. Abẹ ni wọ́n fi gé téèpù tí wọ́n fi so ó pọ̀. Ibi bàsì yẹn ni BBC mú ní 1978, tí wọ́n sì fi ṣí ètò eré ìje mọ́tò Formula 1 wọn fún ọ̀pọ̀ ọdún, tó bẹ́ẹ̀ tí ẹni tí kò mọ Stevie Nicks rí ní Britain mọ̀ ọ́n. Ta ló ń ta bàsì ọ̀hún? Ẹni tí Green fi orúkọ rẹ̀ pe ẹgbẹ́.

Àwọn tí wọ́n fi iye tó tà ṣe òṣùwọ̀n yóò ní kí ni gbogbo àríyànjiyàn yìí, Rumours lo ọ̀sẹ̀ 31 ní ipò kìíní ní Amẹ́ríkà, ó ti tà ju mílíọ̀nù 40 lọ káàkiri ayé, àwo àárín wo ló súnmọ́ ọn? Kò sí. Ṣùgbọ́n iye tó tà ń sọ iye àwọn tó rà á ni, kò sọ ibi tí orin náà ti wá. Àwọn ará apá Green ní tiwọn yóò ní ohun tó wá lẹ́yìn 1970 jẹ́ ẹgbẹ́ mìíràn tó jí orúkọ lò. Kí àwọn yìí gbọ́ Brown Eyes nínú Tusk ti 1979. Orin Christine ni. Gìtá tó wọlé níparí rẹ̀, Peter Green ló ń ta á, wọn kò kọ orúkọ rẹ̀ sí i lẹ́ẹ̀kan sí i. Ẹni tí wọ́n ní sáà rẹ̀ ti kú wà nínú àwo tó tẹ̀lé Rumours.

Tusk fúnra rẹ̀ tilẹ̀ tú ìpín náà ká. Owó tí wọ́n fi ṣe é lé ní mílíọ̀nù kan dọ́là, Buckingham ń gba orin sílẹ̀ nílé ara rẹ̀, wọ́n kó àwọn afọnfèrè yunifásítì USC lọ sí pápá Dodger Stadium fún orin tó ni àkọlé àwo náà. Tòun ti Rumours, sáà kan náà ni wọ́n kà wọ́n sí nítorí pé àwọn márùn-ún kan náà ló ṣe é, bẹ́ẹ̀ ìyàtọ̀ tó wà láàárín àwo méjèèjì ju èyí tó wà láàárín Heroes Are Hard to Find àti àwo funfun lọ. Bí orúkọ tó wà lára èèpo bá jẹ́ sáà, etí kò ní iṣẹ́ tí ó ń ṣe.

Ohun tó wá lẹ́yìn tí Buckingham jáde ní 1987 kò gba ọ̀rọ̀ púpọ̀. Behind the Mask ti 1990 ní orin díẹ̀ tó ṣe é gbọ́. Ẹni tó bá fo Time ti 1995 kò pàdánù nǹkan kan. Kì í ṣe gbogbo ohun tí wọ́n pa tì ló jẹ́ wúrà, òǹkọ̀wé yìí kò sì ní kí ẹnikẹ́ni fi Penguin ṣáájú Rumours.

Ìpín yìí kì bá tí ju àríyànjiyàn lásán lọ bí kò bá ti dé ibi tí wọ́n ti ń pín oyè. Ní 1998 tí wọ́n fi Fleetwood Mac sínú Rock and Roll Hall of Fame, wọ́n dárúkọ ènìyàn mẹ́jọ: Green, Fleetwood, McVie méjèèjì, Spencer, Kirwan, Buckingham àti Nicks. Ojú ìlà náà hàn kedere: Green àti àwọn tirẹ̀ lápá kan, ará California lápá kejì. Welch kò sí níbẹ̀. Lóòótọ́, ó ti pe àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ àtijọ́ lẹ́jọ́ ní 1994 lórí owó orin tí wọn kò san fún un, wọ́n sì ti yanjú rẹ̀ ní 1996. Ṣùgbọ́n Green tí a ń yìn yìí, àwo mẹ́ta ló bá wọn ṣe ní sítúdíò nígbà tó jẹ́ ọmọ ẹgbẹ́. Welch ṣe márùn-ún.

Orin kan wà tó sọ gbogbo rẹ̀ ní ìṣẹ́jú díẹ̀. Sentimental Lady, Welch ló kọ ọ́ fún Bare Trees ní 1972. Nígbà tó ń ṣe àwo tirẹ̀ ní 1977, ó tún un ṣe. Buckingham àti Christine ló darí bí wọ́n ṣe gbà á sílẹ̀, àwọn méjèèjì ló gbè é, Fleetwood ló lùlù. Wọ́n gé e kúrú, wọ́n tún ègbè rẹ̀ ṣe, ó sì dé ipò kẹjọ lórí àtẹ Amẹ́ríkà lásìkò tí Rumours ń jọba. Ẹ fi méjèèjì tẹ̀lé ara wọn kẹ́ ẹ gbọ́ ìrìnsẹ̀ ìlù náà.

Welch kú ní 2012. Orúkọ rẹ̀ kò sí lára àwọn mẹ́jọ náà títí di òní, ẹ̀tọ́ rẹ̀ sì ni pé kó wà níbẹ̀.